Ọjọ́ Tí Éèsì Bọ́ọ̀sì Wa Kú Lójú Ọ̀nà Òkukù

Òórùn irin tí iná wẹ́dà ń jó, tó dàpọ̀ mọ́ ti gáàmù àti ọ̀dà tí kò tíì gbẹ, ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi nímú bí mo bá rántí ọdún yẹn. Ọgbà àwọn tó ń tún mọ́tò ṣe kan wà lẹ́yìn ìlú Ìkìrun, bí èèyàn bá ti ń kọjú sí ọ̀nà Inísà, tí ilẹ̀ rẹ̀ dúdú fún ọ́ìlì débi pé àwọn adìẹ tó ń jẹ̀ níbẹ̀ pàápàá ti gbàgbé àwọ̀ ẹsẹ̀ wọn. Ibẹ̀ ni bọ́ọ̀sì wa gúnlẹ̀ sí. Bọ́ọ̀sì gbọọrọ ni, irú èyí tó máa ń kó èrò lọ sí Òkè Ọya nígbà tí ọ̀nà ṣì dára. Ọkọ mi ló wà á fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tó sì sú ẹni tó ni ín, ó ní kí ọkọ mi máa mú un lọ, pé kó fi ṣe ẹ̀bùn ìfẹ̀yìntì. Ọ̀rẹ́ mi, mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rín ìbínú ni. Mo ní ṣé àgbá irin ni a ó máa sè jẹ ni? Mi ò mọ̀ pé a ò ní pẹ́ gbé gbogbo ìrètí wa lé àgbá irin náà lórí.

Ọmọ mi obìnrin ló fà á, àbígbẹ̀yìn mi. Ọmọ náà kì í làágùn. Bí mo ṣe wí i yìí, ó lè dà bí ohun kékeré létí rẹ, àwọn mìíràn tilẹ̀ lè sọ pé oríire ni. Láti ìgbà tó ti wà ní ìkókó ni ara rẹ̀ ti máa ń gbóná bí oòrùn bá ti ń mú, a ó sì máa fún un ní oògùn ibà, ara náà kò ní rọlẹ̀ àfi bí oòrùn bá wọ̀. Eyín rẹ̀ pẹ́ kó tó hù, àwọn tó sì hù rí ṣóńṣó. Irun orí rẹ̀ fẹ́lẹ́, kò ṣeé dì. Dókítà kan ní Òṣogbo ló wá là wá lóye. Ó ní ihò tí òógùn ń gbà jáde lára àwa yòókù kò sí lára tirẹ̀, bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn, kò sì sí oògùn tó lè fi í síbẹ̀. Ó ní ooru ni kí a máa sọ́ra fún, pé kí a máa jẹ́ kí ara rẹ̀ tutù nígbà gbogbo. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni ń sọ pé ká máa fún un lẹ́fọ̀ọ́ jẹ. Mo jókòó níwájú rẹ̀, mò ń ro òrùlé páànù wa ní Ìkìrun, mò ń ro iná mànàmáná tí kì í dúró, mò ń ro bí oòrùn ṣe máa ń le lọ́dọ̀ wa kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé.

Ọdún tó ṣáájú èyí tí mò ń sọ yìí, gìrì mú un lójú mi nínú ṣọ́ọ̀bù ní ọjà Ìkìrun. Ojú rẹ̀ yí, ọwọ́ rẹ̀ le gbagidi, mo pariwo títí ohùn mi fi há. Ó yè é, ṣùgbọ́n ohun kan já nínú mi lọ́jọ́ náà tí kò tíì so padà. Aṣọ ni mò ń tà, ańkárá àti léèsì, ọjà mi kò sì dúró sójú kan. Bí a bá ná ti Ìkìrun, a ó ná ti Inísà, a ó ná ti Òkukù. Bí mi ò bá lọ, ilé wa ò ní jẹun. Bí mo bá lọ, ta ni yóò máa fi aṣọ tútù nu ọmọ lára látàárọ̀ dalẹ́? Bí mo bá sì gbé e dání, oòrùn ọjà ni yóò pa á. Mo máa ń jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀ pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́, mi ò ní lè dìde. Ọkọ mi ló dá a lábàá pé ká sọ bọ́ọ̀sì náà di ṣọ́ọ̀bù tó ń rìn: aṣọ níwájú, yàrá kékeré lẹ́yìn fún ọmọ, kí ẹ̀rọ amúlétutù máa fẹ́ sí i lára láti ilé dé ọjà, láti ọjà délé. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ó jọ pé ó lè ṣeé ṣe, ìyẹn gan-an ló sì bà wá lẹ́rù.

Wọ́n tú àga inú rẹ̀ dànù, wọ́n kan pákó ìpàtẹ aṣọ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n sì pín ẹ̀yìn rẹ̀ ní yàrá. Àwọn panẹ́ẹ̀bítà ọgbà yẹn, bí wọ́n bá ń ṣe mọ́tò tí wọ́n fẹ́ kí inú rẹ̀ tutù, irú mọ́tò tó ń kó ẹja inú yìnyín, ṣe ni wọ́n máa ń dí gbogbo ojú rẹ̀ pa. Wọn á yọ gíláàsì fèrèsé, wọn á fi páànù bò ó nínú àti lóde, wọn á sì ki fóòmù sáàárín. Bí wọ́n ṣe ṣe tiwa náà nìyẹn. Olórí wọn fi ọwọ́ lu ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀sì, ó ní, "Màmá, tútù ò lè jò níbí láéláé. Èèrà gan-an ò ríbi gbà." Inú wa dùn, a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó bi í pé ooru ńkọ́, tó bá wọlé, ibo ló máa gbà jáde. Ọmọ mi nìkan ló rí nǹkan kan. Ó wọ inú yàrá rẹ̀, ó fọwọ́ pa ògiri yíká, ó ní, "Màámi, ibo ni màá ti máa wo ìta?" Ọkọ mi ṣèlérí pé òun máa ya àwòrán fèrèsé sí i lára ògiri, a sì jọ rẹ́rìn-ín.

Ó wá ku ẹ̀rọ amúlétutù náà, èyí tí gbogbo wa ń pè ní éèsì. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó ní oríṣi. Lójú tèmi, éèsì ni éèsì. Wọ́n júwe ọ̀gá kan fún wa ní Inísà, tó ń tún fíríìjì àti éèsì ṣe, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì lábẹ́lẹ̀ bó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ìyá ọkọ mi bá wa lọ. Kí a tó kúrò nílé, wọ́n pè wá sí yàrá, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Àgbà ni wọ́n nínú ìjọ Aládùúrà wa, wọ́n sì ti gba ààwẹ̀ nítorí ọmọ yìí títí ara tiwọn fi ń gbọ̀n. Mi ò ní parọ́ mọ́ wọn, kò sí ẹni tó fẹ́ràn ọmọ náà jù wọ́n lọ. Wọ́n ní, "Ẹ má jẹ́ káráyé mọ̀ pé ooru ni ọ̀tá ọmọ yìí o. Ẹni tó bá fẹ́ ibi fún yín, ooru náà ló máa fi bá ọmọ náà jà." Ìwọ náà mọ bí a ṣe ń ṣe nílé wa. Àìsàn ọmọ kì í ṣe ohun tí à ń gbé kọ́rùn rìn. A máa ń ní ó rẹ̀ ẹ́ díẹ̀ ni, a máa ń ní ibà ni, a ó sì pa ilẹ̀kùn dé. Àwọn tó ń wo eyín ọmọ mi tìfura-tìfura ti pọ̀ tẹ́lẹ̀. Ta ni yóò tún fi òmíràn kún un fún wọn?

Ọ̀gá onífíríìjì yí bọ́ọ̀sì náà po, ó gun òkè rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó nu ọwọ́. "Kí lẹ máa kó sínú ẹ̀ ná, sà?" ó bi ọkọ mi. "Oúnjẹ ni àbí èèyàn?"

Ìyá ọkọ mi ló yára dáhùn. "Aṣọ ni, ọmọ mi. Aṣọ olówó gọbọi. A ò fẹ́ kí ooru bà á jẹ́."

"Háà, tó bá ṣe aṣọ ni, kò le rárá, mà," ó ní. Ó ń rẹ́rìn-ín. "Aṣọ kì í kú."

Ó wá jókòó tì wá lórí bẹ́ǹṣì, ó là á sílẹ̀ fún wa. Éèsì kan ti wà lórí bọ́ọ̀sì náà látilẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì mọ́tò fúnra rẹ̀ ń fi bẹ́líìtì yí. Ó ní kò sí èyí tó lágbára tó o. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, inú bọ́ọ̀sì yóò tutù débi pé èèyàn á máa wá súwẹ́tà. Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì bá kú, òun náà kú. A tún lè gbé irú èyí tí wọ́n ń kọ́ mọ́ ògiri ilé sínú rẹ̀, kí jẹnẹrétọ̀ máa gbé e, ṣùgbọ́n kò fọkàn sí ìyẹn, nítorí kòtò ojú ọ̀nà wa yóò máa sán páìpù rẹ̀, gáàsì inú rẹ̀ yóò sì máa jò. Ká má tíì wá sọ ti èéfín jẹnẹrétọ̀. Èyí tó ṣẹ́ kù ni kékeré kan tó ń lo bátìrì, tí a ó to sólà sórí òrùlé láti máa bọ́ ọ. Ìyẹn ò ní bìkítà bóyá mọ́tò ń rìn tàbí ó dúró, ṣùgbọ́n yàrá kékeré nìkan ni agbára rẹ̀ ká, kì í sì í yára. Ó gbọn orí. "Fún aṣọ, wàhálà yẹn ti pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ n bá yín tún èyí tó wà lórí ẹ̀ ṣe. Bó bá kú fún wákàtí kan, kí ló kàn yín?"

Bó bá kú fún wákàtí kan. Mo la ẹnu, ìyá ọkọ mi sì fi ẹsẹ̀ wọn kan tèmi lábẹ́ bẹ́ǹṣì, jẹ́jẹ́, wọn ò tilẹ̀ wò mí. Ọkọ mi tẹjú mọ́lẹ̀. Ọ̀gá náà ń dúró de ohun tí mo fẹ́ wí. Mo wá bi í pé ṣé ó lè jẹ́ kí atẹ́gùn rẹ̀ pọ̀ sí apá ẹ̀yìn jù, ó ní kò sí wàhálà, pé aṣọ tó wà lẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ máa tutù. Bí a ṣe yan éèsì ọmọ mi nìyẹn, àwa mẹ́ta mọ̀ nípa ọmọ, ẹnì kan mọ̀ nípa éèsì, a ò sì sọ ohun tí a mọ̀ fún un. Èyí tó lágbára jù ni a mú. Bí ẹ̀rù bá ń ba èèyàn gidi, ohun tó bá ti tóbi jù ni ojú rẹ̀ máa ń lọ sí.

Ọjọ́ tí wọ́n tàn án fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ọgbà, mo sunkún. Tútù náà wá láti òkè, ó ń ṣe fìì, ó ń rùn bí eruku tó ti pẹ́, lẹ́yìn náà ló wá mọ́. Ọmọ mi dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì kékeré rẹ̀ ní ọ̀sán gangan, ó na ọwọ́ na ẹsẹ̀, ó sùn. Mi ò rí i kó sùn lọ́sàn-án rí láìjẹ́ pé mo ń fẹ́ ẹ tàbí pé mo ń nù ún. Mo dúró ti ẹnu ọ̀nà, mi ò mọ ohun tó yẹ kí n fi ọwọ́ mi méjèèjì ṣe.

Òkukù la kọ́kọ́ gbé e lọ. A kúrò ní Ìkìrun pẹ̀lú orin, ìyá ọkọ mi wà níwájú pẹ̀lú ọkọ mi tó ń wakọ̀, èmi àti ọmọ mi wà ní yàrá ẹ̀yìn. A dúró díẹ̀ ní Inísà láti já ẹrù oníbàárà kan, ẹ́ńjìnnì ò sì kú ní gbogbo àsìkò náà. Nígbà tí a máa fi jáde nílùú, oòrùn ti gun òkè. A ò tíì rìn jìnnà sí Inísà tí mo fi gbọ́ òórùn kan, òórùn rọ́bà tó ń jó. Bọ́ọ̀sì gbọ̀n, ó fà díẹ̀, ó dúró. Atẹ́gùn tó ń ṣe fìì lókè orí wa náà sì dáwọ́ dúró. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó tẹ̀ lé e, ọ̀rẹ́ mi, mo ṣì máa ń gbọ́ ọ nígbà mìíràn bí iná bá lọ nílé. Mo fọwọ́ kan ògiri, ó ti ń gbóná. Inú yàrá tí èèrà ò ríbi gbà wọ̀ yẹn, kò pẹ́ rárá tó fi di ààrò.

Mo gbé ọmọ mi bọ́ sílẹ̀. Ìta kò sàn. Iná ti jó igbó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, igi kan ò sí nítòsí tó ní ewé lórí, ọ̀dà ojú títì ń rọ̀ mọ́ bàtà. Òjìji bọ́ọ̀sì nìkan ló wà, mo tẹ́ ẹ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ooru irin náà ń rọ̀ sí wa lórí. Ara rẹ̀ ti ń gbóná, gbígbẹ táútáú, ojú rẹ̀ pupa. Kẹ́ẹ̀gì omi kan la gbé dání. Mo sáré gbé e, ọkọ mi sì ti dé ibẹ̀, ó di etí rẹ̀ kejì mú.

"Gbé e wá! Rédíétọ̀ ti gbẹ," ó ní. "Bí mo bá bu omi sí i, ẹ́ńjìnnì á jí, éèsì á jí!"

"Ẹ fi í sílẹ̀! Ọmọ ń kú!"

"Nítorí ẹ̀ náà ni mo ṣe fẹ́ ẹ!"

A fà á, àwa méjèèjì, bí àwọn tó ń jà sí omi ẹ̀rọ. Ọkọ mi kò burú, ó sì mọ mọ́tò. Ó dá a lójú pé tútù tó ti gba ọmọ náà ní gbogbo àárọ̀ ni yóò tún gbà á. Ìyá ọkọ mi ti kúnlẹ̀ lórí òkúta, wọ́n ń ké pe Ọlọ́run ní ohùn tí mi ò gbọ́ lẹ́nu wọn rí. Mo jọ̀wọ́ kẹ́ẹ̀gì náà. Mi ò mọ ìdí tí mo fi jọ̀wọ́ rẹ̀, bóyá torí pé èmi náà gba éèsì náà gbọ́. Ọkọ mi ṣí rédíétọ̀, ooru omi gbígbóná tú sí i lọ́wọ́, ó ké, síbẹ̀ ó ń da omi sí i. Ó wọlé, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì náà sín lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Ìwọ̀nba omi tó kù ní ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì ni mo dà sí ọmọ mi lórí, oòrùn sì lá a lójú mi.

Píkọ́ọ̀pù kan tó ń lọ sí Ìgbayè ló dúró. Àwọn ìyá tó ń ti oko bọ̀ ló kún ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n bọ́ sílẹ̀ gìrìgìrì, kò sẹ́ni tó pè wọ́n. "Kí ló ṣe ọmọ?" Ìyá ọkọ mi ò tilẹ̀ dìde lórí eékún. Wọ́n ní, "Ibà ni o. Ibà ló mú un." Irọ́ náà ti mọ́ wọn lẹ́nu.

Mo fẹ́ kó o fojú inú wo àwọn obìnrin náà dáadáa, nítorí mi ò rí aláàánú tó tó wọn rí. Ọ̀kan tú ìborùn rẹ̀, òmíràn bọ́ ìró òkè rẹ̀, wọ́n gba ọmọ mi lọ́wọ́ mi, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wé e. "Ẹ bò ó dáadáa, ẹ bo ẹsẹ̀ ẹ̀ náà, kó làágùn. Bó bá ti làágùn báyìí, ara ẹ̀ á rọlẹ̀." Ohun tí èmi náà ìbá ṣe fún ọmọ wọn nìyẹn. Ohun tí ìyá mi ṣe fún mi nìyẹn, tí ìyá rẹ ṣe fún ọ: bí ara ọmọ bá gbóná, a ó bò ó mọ́lẹ̀ kí ibà bá òógùn jáde. Wọ́n ń fi ìfẹ́ di ọmọ mi pa, èmi sì dúró tì wọ́n, èdìdì ìyá ọkọ mi ṣì wà lẹ́nu mi. Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí, funfun rẹ̀ hàn. Mo ti rí i rí, mo mọ ohun tó kàn.

Mi ò mọ ìgbà tí mo fò lé wọn. Mo já àwọn aṣọ náà dànù, mo ya ọ̀kan. Mo pariwo pé, "Ẹ má bò ó! Ọmọ mi ò lè làágùn! Wọn ò dá òógùn mọ́ ọn! Ooru ló ń pa á!" Mo ní kì í ṣe ibà, kò fìgbà kankan jẹ́ ibà, irọ́ la pa. Mo sọ ti eyín rẹ̀, mo sọ ti irun rẹ̀, mo sọ ti dókítà, gbogbo rẹ̀ ló ń tú jáde lójú títì lọ́sàn-án gangan. Ìyá ọkọ mi gbé orí sókè, wọ́n wò mí, wọ́n sì fi ọwọ́ bo ojú.

Mò ń retí pé wọn á sún sẹ́yìn, pé ẹnì kan á tutọ́ dànù, pé ẹnì kan á pe ọmọ mi ní orúkọ tí mi ò ní gbàgbé. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn, tí mo ya ìborùn rẹ̀, wo àwọn yòókù. Ó ní, "Kí lẹ wá ń wò? Omi dà?"

Omi wá láti ibi tí mi ò mọ̀. Wọ́n ń fi eyín já ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, wọ́n ń tú u sí i lórí, sí i láyà. Ọlọ́kadà kan tó ń kọjá já omi tirẹ̀ kalẹ̀. Àwọn aṣọ tí wọ́n fẹ́ fi bò ó ni wọ́n rì sínú garawa omi tí wọ́n gbé ti oko bọ̀, wọ́n sì tẹ́ wọn sí i lára pẹẹrẹ. Ọ̀kan bi mi pé, "Orí ni ká kọ́kọ́ tú u sí ni, àbí ẹsẹ̀?" Kò bi mi ní ohun mìíràn. Wọ́n gbé wa sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù, láàárín ẹ̀gẹ́, awakọ̀ sì kọrí sí ọsibítù ní Òkukù, ó ń sáré kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ lu aṣọ tútù náà. Mo di ọmọ mi mú, mò ń sọ fún Ọlọ́run pé mi ò ní béèrè éèsì mọ́, mi ò ní béèrè bọ́ọ̀sì mọ́. A ti ń rí òrùlé Òkukù lọ́ọ̀ọ́kán nígbà tí ohùn tín-ín-rín kan jáde lábẹ́ gbogbo aṣọ yẹn. "Màámi, omi ń wọ̀ mí létí." Àwọn obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń lu ara wọn, èmi sì sunkún títí a fi dé ẹnu ọ̀nà ọsibítù.

Nígbà tí ara rẹ̀ le tán, ọ̀gá onífíríìjì wá wo bọ́ọ̀sì náà nínú ọgbà tí wọ́n wọ́ ọ padà sí ní Ìkìrun. Ó ti gbọ́. Ó jókòó lórí táyà kan, kò kọrin. "Mo bi yín, mà," ó ní. "Mo ní oúnjẹ ni àbí èèyàn." Ìyá ọkọ mi ló dá a lóhùn. Wọ́n ní, "Èmi ni, ọmọ mi. Ẹ̀rù ló bà mí." Mi ò rò pé mo lè gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu wọn láyé mi. Ọkùnrin náà nu ojú pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́, ó dìde, ó ní, "Kí n tó dárúkọ éèsì kankan, ẹ jẹ́ ká gé fèrèsé ná." Olórí panẹ́ẹ̀bítà fúnra rẹ̀ ló fi ayùn irin là á lọ́tùn-ún lósì, ó ń gé iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Kékeré tó ń lo bátìrì la wá mú, pẹ̀lú sólà lórí òrùlé, fún yàrá rẹ̀ nìkan. Ọ̀gá náà kọ́ fáànù kan sí i tó ní bátìrì tirẹ̀ lọ́tọ̀, ó sì ní a ò gbọdọ̀ kúrò nílé láìní àgbá omi tó ní ẹ̀rọ lẹ́nu, ti ọmọ, tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bù sí mọ́tò. Ó sọ ìyẹn, ó wo ọkọ mi. Ọkọ mi ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," bí ọmọdé, pẹ̀lú ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì wé.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Éèsì kékeré náà kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu. Bí kùrukùrù bá bo oòrùn, bátìrì a rẹ̀wẹ̀sì. Bí eruku bá bo sólà, ọkọ mi a gun òkè lọ nù ún. Ẹ̀rù sì ń bà mí síbẹ̀. Mi ò mọ ìyá ọmọ tó ní irú ọmọ yìí tí ẹ̀rù kì í bà. Ohun tó yí padà ni pé a kì í sọ pé ibà ni mọ́. Ní gbogbo ọjà tí a bá dé, kí n tó pàtẹ aṣọ, mo máa ń sọ fún àwọn tó wà lọ́tùn-ún lósì mi: ọmọ mi nìyí, kì í làágùn, bí ẹ bá rí i tí ojú rẹ̀ pupa, omi ni kí ẹ fún un, ẹ má bò ó o. Àwọn kan sọ ohun tí mo bẹ̀rù pé wọ́n á sọ, mi ò ní tàn ọ́. Ìyá ọkọ mi gbọ́ ọ̀kan létí ara wọn ní Inísà, wọ́n sì dá a lóhùn lọ́nà tí mi ò lè kọ síbí.

Ọjọ́ ọjà kan ní Òkukù, èrò pọ̀ lórí aṣọ mi, mi ò sì tètè mọ̀ pé éèsì ti dákẹ́. Nígbà tí mo sáré dé yàrá ẹ̀yìn, fèrèsé ṣí sílẹ̀, bẹ́ẹ̀dì ṣófo. Mo bọ́ sílẹ̀, mò ń pe orúkọ rẹ̀ láàárín àwọn oníṣu, láàárín àwọn aláta, mo ń wo ilẹ̀, nítorí ilẹ̀ ni mo rò pé màá ti rí i. Ó jáde láti ẹ̀yìn ìsọ̀ kan, ó tutù rinrin láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, gèlè ẹlòmíràn tí wọ́n rì sómi wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì. Mo bi í pé ta ló da omi sí i lára, ta ló ni gèlè.

"Mi ò mọ̀ wọ́n, Màámi," ó ní. "Wọ́n kàn ní ṣé èmi ni ọmọ tí kì í làágùn. Mo ní èmi ni."

Mo wo gbogbo ọjà yíká, kò sí ẹni tó ń wò mí, oníkálukú ń tajà rẹ̀. Ohun tí a ti ilẹ̀kùn mọ́ kí aráyé má baà fi pa ọmọ wa, òun náà ni aráyé ń fi dá a mọ̀ báyìí, kí wọ́n lè tọ́jú rẹ̀ nígbà tí mi ò bá sí níbẹ̀. Mi ò rí ẹni tó ni gèlè náà títí di òní, ọ̀rẹ́ mi, mo sì ti wá a.